Ohun Tí Akọ̀wé Ò Kọ Sílẹ̀

Ìgbà kọkànlá rèé tí mo kọ ọ́:
"A sún ẹjọ́ síwájú."
Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kọ ju orúkọ mi lọ.
Fáànù òkè orí wa ń ké bí ọmọ tó ń yọ eyín,
òjò Òkè-Fìà ń lu páànù,
n ò gbọ́ ọjọ́ tí Olúwa mi dá,
mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un sọ.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀.
Ọmọ náà mirí. Ó ti mọ orin náà sórí.

Mùbáṣírù Ọ̀ṣúnwọlé, atún-fóònù-ṣe, Ìgbọ̀nà.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wọlé.
Ó pé ogún, ó pé mọ́kànlélógún,
inú àhámọ́ n'Iléṣà ló pé méjèèjì sí.
A ò tíì gbọ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Wọ́n ní ó fọ́ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan.
Òun ní: "Mo rí i pé ilẹ̀kùn ṣí.
Mo kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n tì í.
Nọ́ńbà mi wà nísàlẹ̀ lẹ́tà."
Olè wo ló ń fi nọ́ńbà sílẹ̀?
Ara mi ni mo bi. N ò kọ ọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ mi.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó na ìka:
"Olúwa mi, bí ẹ bá tú u sílẹ̀ lónìí,
fóònù oní-tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tó bá bà lọ́wọ́ ẹ̀,
gbogbo báńkì ìpínlẹ̀ yìí á gbẹ kílẹ̀ ó tó ṣú."
Ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àjẹ́.
Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá fún ẹ̀rí, nínú àpò sìmẹ́ńtì.
Ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́, kò tàn.
Agbẹjọ́rò tẹ̀ ẹ́, kò tàn.
Inú àpótí olùjẹ́jọ́ ni Mùbáṣírù ti rọra wí pé,
"Sà, bátìrì ti kú. Ó ti tó ọdún méjì."
Ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni ìyá rẹ̀ máa ń wà,
pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan nínú ọ̀rá,
èyí tọ́mọ yóò wọ̀ relé.
Béèlì wà, a ò fi dù ú:
onídùúró méjì, kí wọ́n ní ilé l'Óṣogbo,
kí wọ́n wà nípele kẹẹ̀ẹ́dógún níṣẹ́ ọba.
Obìnrin tó ń nu wọ́ọ̀dù nílé ìwòsàn,
kí ló mọ̀ nípa ọ̀gá ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún
ju ipa bàtà wọn lórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù lọ?
Mo fojú wọn ṣẹ́ẹ̀tì náà lónìí.
Ọmọ ọ̀hún á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀.

Ó ku ohun kan.
Lóṣù Ẹrẹ́nà, mo gbé fáìlì wọ yàrá Olúwa mi.
Fóònù wọn wà lórí tábìlì, ó tàn:
ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yẹn gan-an ni,
"A kí ọmọ ẹgbẹ́ wa. Owó yín ò séwu."
Wọ́n dà á dojú bolẹ̀. Wọ́n wò mí.
Èmi wo kàlẹ́ńdà.

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, n ò ní purọ́ mọ́ wọn.
Wọn kì í gba rìbá. Àwọn ló san owó ìdánwò ọmọ mi.
Ṣùgbọ́n àgbà tó ní àgbàdo kì í jàre nílé ẹjọ́ adìẹ,
kò sọ pé adìẹ ọ̀hún burú.
Ebi ló kàn ń pa á.

"Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò mi, ẹ gbé e fẹ́lòmíì."
Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò kún ìlà kan nínú ìwé mi.
Láti Ẹrẹ́nà ni mo ti ń fi àyè ẹ̀ sílẹ̀,
ìlà òfìfo kan lábẹ́ orúkọ ọmọ náà,
gbogbo ìgbà tí a bá jókòó.

Ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ti ń kùn níta. Òjò ò dá.
Ìyá ń ká ṣẹ́ẹ̀tì padà sínú ọ̀rá.
Mo dé bírò mi.
Mo tún ṣí i.