Aago Àkúrẹ́ Ló Wà Lọ́wọ́ Mi

Mo ti jí kí àkùkọ Fásànmí tó kọ.
Òjò òru ti dá, etí páànù ṣì ń kán tó, tó,
Òkè-Àró dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.
Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo dúró ti sàréè:
"Akínfọlárìn, mò ń lọ wo ọmọ Múyìíwá.
Má ṣèyọnu. Mo ti ti géètì ẹ̀yìn."

Ọmọkùnrin tó ń wọn ẹrù ní pápákọ̀ rẹ́rìn-ín sí mi:
"Màmá, ó fi kílò mẹ́ta lé."
Kí ni kí n yọ?
Ẹja tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta yan ni?
Mo yọ bàtà mi kejì,
mo yọ gèlè tí mo ní n ó wé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.
Púpurú kò kúrò nínú àpò.
Ọmọ tí kò ní mọ Òkìtìpupa,
bó bá hu eyín, ẹ jẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Bàálù gbéra.
Ikùn mi ṣẹ́kù sí Ọbà-Ilé.
Mo yọjú: àwọn àpáta Ìdànrè jókòó nísàlẹ̀
bí àgbàlagbà tí kì í dìde kí àlejò.
Oko kòkó, òrùlé, oko kòkó,
lẹ́yìn náà, funfun.
Ilẹ̀ tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún ọdún méjìdínláàádọ́rin,
kí n tó ka Orin Dáfídì kan tán, ó ti bọ́ sẹ́yìn.

Èkó, mo jókòó láti àárọ̀ di alẹ́,
pọ́ọ̀sì lábẹ́ abíyá.
Ẹ̀ẹ̀meje ni Múyìíwá pè:
"Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù o, Màmi. Ẹ má sùn."
Mi ò sùn.

Ní Jámánì wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, mo bọ́ ọ.
Wọ́n ní kí n na apá,
mo nà án bí ẹni tí télọ̀ fẹ́ wọn aṣọ fún.
Obìnrin kan fọwọ́ tọ́ mi lára,
láti èjìká dé kókósẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́.
Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.
Mo wo òkè àjà
kí omi ojú mi má baà dójú tì mí.

Bàálù kejì ni mo ti rí ohun tí n kò rí rí:
oòrùn tó kọ̀ tí kò wọ̀.
Mo jẹun, ó wà ní fèrèsé.
Mo gbàdúrà, ó wà níbẹ̀.
Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi sùn, ó jí, ó tún sùn,
bí a ti ń sá lọ, oòrùn ń tẹ̀lé wa
bí olówó èlé.
Ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ń gùn, ó ń gùn,
kò sẹ́ni tó rí ìdí rẹ̀.

Ní Kánádà, òṣìṣẹ́ kan tú àpò mi.
Ó fi ìka kan tọ́ka sí ọ̀rá náà.
Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì,
ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ò mọ púpurú.
Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú.
Mo bu ún ní gbígbẹ, mo jù ú sẹ́nu,
mo ń jẹ ẹ́, mo ń wò ó lójú.
Ó ní kí n máa lọ.

Ilé Múyìíwá rèé. Ọmọ rèé, ó sùn,
iwájú orí rẹ̀ yọ gọngọ bíi ti ẹni tó wà lẹ́yìn ilé mi.
Aago ara ògiri wọn ní mẹ́sàn-án alẹ́,
síbẹ̀ oòrùn ṣì na ẹsẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.
Aago ọwọ́ mi ní mẹ́rin.
Múyìíwá ní, "Ẹ mú un wá kí n yí i."
Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ní Òkè-Àró báyìí,
àkùkọ Fásànmí ti gbọn ìyẹ́,
ó ti na ọrùn.

Ọmọ ké.
Mo dìde.