Ìró Méjì

Bora tún ti dé, Nives,
atẹ́gùn òkè tí í já lu Trieste bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Wọ́n ti so okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú,
agolo ìdọ̀tí ń yí gbirigbiri lọ sétí òkun,
àwa méjì sì jókòó sínú ọkọ̀, à ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ọkùnrin kan
tó pa àbúrò rẹ̀ nítorí ọkọ̀ ojú omi.

Láàárọ̀, mo bá ọ de bọ́tìnì kóòtù rẹ.
Ọwọ́ òsì rẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti oṣù kọkànlá.
O wo òkè ilé, mo wo bọ́tìnì.
Mẹ́rin ni. Mo mọ̀ wọ́n ju orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ:
ìkẹta ti sán létí, òwú ìkẹrin ti fẹ́ já.
O ní, "O ṣé, Ezio."
N kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi dá irú "o ṣé" bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Àwa tí à ń mú ènìyàn jẹ́wọ́!
Àwa tí à ń gbé omi síwájú ọ̀daràn,
tí à ń wò ó níran títí ìdákẹ́jẹ́ yóò fi máa yún un lára,
tí yóò fi pọ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì.
A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá,
ṣùgbọ́n inú làpálàpá ni owó oṣù wa wà.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ilé ìkẹ́rù kan ní èbúté àtijọ́.
Mo ní kí o dúró dè mí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìṣẹ́jú kan péré.
Ìṣẹ́jú kan di mẹ́rin.
Mo wà lórí fóònù, mò ń bẹ ọkùnrin tí mo jẹ ní gbèsè tẹ́tẹ́
kó fún mi di ọjọ́ Jímọ̀.
Mo gbọ́ ìbọn.
Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé "Ó dàbọ̀" kí n tó sáré.
Èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn: pé mo sọ pé ó dàbọ̀.

Nínú ìwé tí mo kọ fún ọ̀gá, mo ní rédíò ló kú.
Wọ́n gbé e wá bá ọ ní ọsibítù, o fi ọwọ́ ọ̀tún bọwọ́ lù ú,
o kò bi mí ní nǹkan kan.
Mo pè é ní àánú. Mo gbé àánú náà mì,
ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Àfi ọjọ́ Ajé tó kọjá, tí Zorko tó ń tọ́jú ohùn rédíò
fà mí wọ yàrá rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn,
tó ní kí n gbọ́ nǹkan kí òun tó pa á rẹ́.
Ohùn mi ni: "Nives, dúró dè mí."
Lẹ́yìn náà, ìró méjì. Kẹ́-kẹ́.
Àmì wa láti ọdún mẹ́sàn-án: mo ti gbọ́.
Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn,
ó ń gòkè, kò kánjú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.
O gbọ́ mi. O sì lọ.
Ṣé ìdí nìyẹn tí ojú rẹ fi ń sá fún tèmi
bí mo bá ń de bọ́tìnì?
Mo ti rò pé ẹjọ́ mi lò ń dá lọ́kàn.
Kò tí ì yé mi bóyá ẹ̀bi mi dín kù ni,
àbí ṣe ló di méjì.

Mo fi ìka lu sítíárì lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ́-kẹ́.
Ó dà bí ẹni pé o kò gbọ́.
Atẹ́gùn mi ọkọ̀ tìtì. Kọfí ti tutù nínú ife.
O gbé ọwọ́ òsì rẹ sórí itan,
o fi ọ̀tún bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni bo ọmọdé lẹ́nu.
"Ezio," lo wí.
Mo ní, "Hẹ̀n?"
"Ó ti pa iná yàrá rẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."