Ìbò Mọ́kànlá

Ẹ̀yin ará àdúgbò Ìdí-Ìyeyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀.
Bíríkìlà ni mí, n kì í ṣe olóṣèlú.
Ọ̀rọ̀ mi kò dán bíi táìlì,
ó rí ṣákálá bí ògiri tí a kò tíì rẹ́.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi wá:
ṣé kí káńsù fi owó ọdún náà ṣe afárá odò wa,
àbí kí wọ́n fi kọ́ géètì ńlá síwájú ọ́fíìsì wọn?
Mo wà ní Ìkìrun lọ́jọ́ náà, mò ń rẹ́ ilé olówó kan.
Mo ní, "Ìka mi kan ṣoṣo, kí ni yóò tún ṣe?"
Jìmọ́ọ̀ sùn. Ó ní òjò ṣú.
Ìyá Mọ́díínà ní òun ń bọ̀, òun ń bọ̀,
títí wọ́n fi palẹ̀ tábìlì mọ́.
Nígbà tí wọ́n ka ìwé tán nínú ọgbà iléèwé,
ìbò mọ́kànlá ni wọ́n fi na afárá.

Mọ́kànlá!
Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, mo fi ìka kà á.
Àgbà mẹ́fà ló wà nínú ilé tèmi.
Márùn-ún ń bẹ lọ́dọ̀ Jìmọ́ọ̀.
Ìyẹn ti di ọgbọọgba.
Ká ní Ìyá Mọ́díínà nìkan bọ́ sójúde,
à bá ti borí.

Géètì náà dúró síbẹ̀ báyìí, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé.
Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.
Tiwa ńkọ́? Pákó méjì àti okùn.
Nígbà òjò àrọ̀kúrò tó kọjá,
odò wú, ó gbé pákó kan lọ,
ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Àṣàbí tẹ̀ lé e,
èyí tó fi gbèsè rà, tí kò tíì san tán.
Ẹ̀rọ bá omi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣun.
Gbèsè dúró.

A bú káńsù, a bú odò.
Ta ló bú oorun Jìmọ́ọ̀?
Ta ló bú Ìkìrun tèmi?
Ìbò dà bíi sìmẹ́ńtì tí a ti pò:
bí ọjọ́ bá ti kọjá lórí rẹ̀, ó di òkúta,
kò sí ọ̀gá tó lè fi rẹ́ nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìwé mìíràn ń bọ̀.
Ti afárá tún wà níbẹ̀,
pẹ̀lú ti pápá iléèwé tí wọ́n fẹ́ gé fún oníṣọ́ọ̀bù.
Ẹ ka èkejì yìí dáadáa o.
"Ṣé ẹ fẹ́ ìdàgbàsókè?" ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè,
ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó kéré bí iyanrìn tí a sẹ́.
N kò ní sọ ibi tí ẹ máa tẹ̀ fún yín.
Ẹ̀yin lẹ bí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Òròkí, ìlú aró!
Ìyá àgbà Ọ̀ṣúngbèmí na ọwọ́ rẹ̀ sí mi lánàá,
aró ti wọ èékánná rẹ̀ láti ìgbà èwe.
Ó ní, "Yíǹkì ìbò lẹ ń sá fún?
Ọjọ́ mẹ́ta péré ni yóò lò lára yín.
Ẹ ṣáà bá mi di ọwọ́ mú lórí pákó yẹn."

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.
Mo ti sọ fún onílé mi tó wà ní Ẹdẹ pé n kò ní wá.
Ó ní òun yóò yọ owó. Kó yọ ọ́.

Jìmọ́ọ̀, agogo méje ni n ó kan ilẹ̀kùn rẹ.
Bí òjò bá ṣú, mo ní agbòjò méjì.
Ọ̀kan ti ya létí.
Ìyẹn ni tìrẹ.