Àpótí Pọ́dà

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Sùnmọ́nù Akéréjolà
nígbà tó kọ́kọ́ darúgbó.
Èmi ni mo sọ ọ́ di arúgbó:
pọ́dà funfun lórí, pọ́dà funfun ní irùngbọ̀n,
pẹ́ńsù ni mo fi fa ìlà sí iwájú orí rẹ̀
lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Láfíàjì.
Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé dákẹ́.
Ìyá rẹ̀ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, kò dá a mọ̀.
Ó ní, "Bàbá ta nìyí? Ẹ fún un lága."

Nígbà tí tẹlifíṣàn dé, alẹ́ Ọjọ́rú,
ojú fèrèsé Bàbá Rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta
a kún fún orí ènìyàn
bí àgbọn inú ọkọ̀ ará Àgbádárìgì.
Sùnmọ́nù ni ọ̀dájú inú eré:
ó fi májèlé sínú ẹ̀kọ ìyá rẹ̀,
ó ta ilẹ̀ ọmọ òrukàn, ó tún bá wọn sunkún.
Dúdú àti funfun ni àwòrán náà,
síbẹ̀ Ìyá Ṣifáwù búra pé òun rí ojú rẹ̀ tó pọ́n.

Lọ́jọ́ kejì ní Ọ̀yìngbò, kò sẹ́ni tó ta ata fún un.
"Lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò níyàá."
Ó rẹ́rìn-ín títí a fi délé.
Lóru, mo gbọ́ tó ń bi Rísìkátù, ìyàwó rẹ̀,
bóyá ojú òun burú ní tòótọ́.
Ẹni tí kò lè pa adìẹ ọdún!
Èmi ni mo ń bá a dú u,
òun a wọ yàrá lọ, a bojú.

Sinimá dé. Ó kú sínú ọ̀sà, ó kú lórí ọ̀pẹ,
mọ́tò gbá a ní Ìdúmọ̀tà lẹ́ẹ̀mẹta
torí kámẹ́rà kò mú un dáadáa.
Òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà gba tíkẹ́ẹ̀tì;
ẹni tó fowó lé e lọ́wọ́
a wọlé lọ ṣẹ́ èpè fún un.

Lọ́dún kan mo lọ sílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn
kí n bá a wá ọ̀kan péré nínú eré Ọjọ́rú.
Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá téèpù ní wọ́n ti pa wọ́n rẹ́,
wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù sórí wọn.
Bọ́ọ̀lù wo? Kò mọ̀.
Mo sọ fún Sùnmọ́nù pé wọ́n ṣì ń wá a.
Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó ṣì ń bi mí.

Nígbà tí ewú wá dé, ewú tí a kò fọwọ́ ṣe,
àwọn ọ̀dọ́ oní-fídíò ní Sùúrùlérè
ní bàbá náà ti dàgbà jù láti ṣe bàbá.
Ó gbé ìgò dáì wá bá mi ní Ìta Fàájì.
"Bá mi dín in kù," ó ní, "ìwọ lo kúkú bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi ń kùn ún, Sátidé sí Sátidé.
Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wá: ìpolówó oògùn ikọ́.
Ó wúkọ́ bó ṣe wúkọ́ ní Láfíàjì.
Wọ́n ní kó rọra. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló lọ.
Wọ́n ní kí n wà lára àwọn tí yóò wẹ̀ ẹ́.
A bu omi sí i lórí, dúdú ló ń ṣàn.
A tún bu òmíràn. Dúdú.
Àfáà wò mí. Mo wolẹ̀.
Ìgbà karùn-ún ni omi tó mọ́,
irun rẹ̀ sì funfun báláú lábẹ́ ọwọ́ mi
bí ti alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn,
àfi pé lọ́tẹ̀ yìí
kò lẹ̀ mọ́ mi níka.