Ìṣẹ́jú Kẹrìnlá

Lọ́dún àkọ́kọ́, Dókítà Àjíbáwo kọ ọ́ sójú pátákó ní Ifẹ̀ pé
kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kan tó ń fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀.
Mo nawọ́. "Ulé ńkọ́, sà?"
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ìjẹ̀ṣà ti dé!"
Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò:
"Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo ń wí.
Èyí tí o mú wá yẹn, lọ sílé lọ gbà á sílẹ̀."

Èmi tí bàbá mi kì í jẹ́ kí n sọ ọ́.
Òyìnbó ló fi ń bá wa wí, Òyìnbó ló fi ń gbàdúrà sí oúnjẹ,
bí ọ̀rọ̀ Yèyé bá yọ́ jáde lẹ́nu mi, etí mi a dáhùn.
Ulé nìkan ló ṣẹ́ kù,
bí eyín ọmọdé kan tó kọ̀ tí kò ká.

Ní họ́ọ̀lì, yàrá kan náà lèmi àti Terngu ń gbé,
ọmọ Tiv tó ń kọ́ Yorùbá bí ẹni ń gun ọ̀pẹ lásìkò òjò.
Lọ́jọ́ kan ó dúró níwájú ìyá ẹlẹ́wà:
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ ra ẹwà igba náírà."
Ìyá wò ó, ó wo ìkòkò, ó tún wò ó:
"Ẹwà ti tán lónìí, ọmọ mi. Ẹ̀wà ló kù."
A rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi tutù.
Lóru, mo gbọ́ tó ń dá sọ ọ́ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn,
re dò, dò dò, re dò,
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò lókùnkùn.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọkọ̀, a gba Òsú kọjá.
Yèyé jókòó sí pálọ̀ ní Ìlẹ̀ṣà, ó ń bó ẹ̀gúsí.
"Kí lo lọ ń kọ́ n'Ífẹ̀ gan-an?"
"Èdè, Yèyé."
"O ò lè sọ̀rọ̀ kí o tó lọ ni?"
Mo gbé fóònù lé orí àpótí ìjókòó.
Mo ń na ìka sí nǹkan, ó ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta:
ulé. Usu. Ugbá.
Nígbà tó yá, ó sú u. "Ṣé ojú ò rí usu n'Ífẹ̀ ni?"

Nínú kọ̀ǹpútà, ohùn Yèyé di ìlà dúdú,
ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí títì Ìlẹ̀ṣà.
Mo wọn fáwẹ̀lì. Mo gé igbe àkùkọ dànù,
mo gé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.
Ìṣẹ́jú kẹrìnlá ló dà mí láàmú:
mo ti wọlé lọ mumi, ẹ̀rọ ṣì ń gbà á,
ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jù èémí lọ.
Mo fi àmì ìbéèrè sí i. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ogún.
Terngu ló gba ìdajì íapíìsì sétí,
Terngu tó ra ẹwà.
"Ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Ta ló wà níbẹ̀?"

Kò sí ẹnìkan. Fọ́tò bàbá mi ni, lára ògiri,
pẹ̀lú táì rẹ̀, àti ọdún mẹ́ta tó ti dákẹ́.

Ọmọ ẹ dé o. Ó mọ ulé.

Mo pa àmì ìbéèrè rẹ́. N kò kọ ohunkóhun sípò rẹ̀.
Dókítà fi bírò pupa yí àlàfo náà ká,
ó yọ máàkì méjì: Kí ló wà níbí?
Ó jàre. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Sátidé tó ń bọ̀, mo tún ń lọ.
Yèyé ní bí n kò bá ní bá òun bó ẹ̀gúsí,
kí èmi àti ẹ̀rọ mi jókòó s'Ífẹ̀.