Àárín Omi

Aago méje kù díẹ̀, òjò Chiloé kò tíì dá,
mo ń kó ọmọ mẹ́tàdínlógún lọ sí òdìkejì, síléèwé.
Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o."
Orí mẹ́tàdínlógún tẹ̀ ba,
ìmọ́lẹ̀ fóònù ń lá wọn lójú bí ajá ṣe ń lá ọwọ́ olówó rẹ̀.
Ẹ̀rọ ọkọ̀ mi nìkan ló dá mi lóhùn.

Mo mọ̀ wọ́n láti inú oyún.
Millaray, ọmọ Cárcamo tó ń yan ẹja,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló ń tẹ̀lé e nínú fóònù,
ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sílẹ̀ létí omi, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà délé
kí ẹnikẹ́ni má baà bi í pé, ìyá rẹ ńkọ́?

Isaías, ọmọ Huenchur, akólòlò ni.
Ọ̀rọ̀ kan lè há a lọ́fun láti èbúté wa dé èbúté wọn.
Àmọ́ jẹ́ kó fi àtàǹpàkò sọ ọ́:
omi ń ṣàn, kò dúró, kò wẹ̀yìn.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kólòlò lójú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́rin làwọn méjèèjì fi ń kọ̀wé síra wọn lóru.
Gbogbo ọkọ̀ ló mọ̀.
Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí,
báàgì méjì láàárín wọn bí ògiri.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kùrukùru bolẹ̀,
ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú
níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kì í dé,
níbi tí erékùṣù wa kò sí mọ́, tí Castro kò sì tíì sí.
Àwọn ọmọ na fóònù sókè
bí ẹni ń gbe omi òjò.
Kò sí ohun tó kán sínú rẹ̀.

Mo tẹ̀ sórí ẹ̀rọ, epo dúdú dé ìgúnpá mi,
mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "M-m-m..."
Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "M-m-m..."
Ó ń ṣe mí bíi kí n bá a parí rẹ̀. Mo gé ètè mi jẹ.
Millaray gbé báàgì kan, ó gbé èkejì,
ó kó wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù,
ó kọjú sí i, ó dúró,
bí ẹni dúró de ọkọ̀ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.
"Millaray," ló wí níkẹyìn, "ṣé òtútù ń mú ọ?"
Ó ní, "Ó ń mú mi."
Gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.
Lóru, ì bá ti kọ ojú ewé mẹ́ta.

Ẹ̀rọ jí. Bí a ṣe ń rí ṣọ́ọ̀ṣì onígi lókèèrè,
fóònù dún lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀wọ́ ẹyẹ tí a sọ òkò sí,
orí tún tẹ̀ ba, tàwọn méjèèjì náà,
n kò ní parọ́ fún yín.
Àmọ́ ọ̀kan kọ nǹkan, ìkejì kà á, ó bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín tó ní ohùn, tó lu pákó ọkọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo pe Millaray padà.
Ọmọ mi wà ní Punta Arenas, ọdún kẹfà rèé,
ó fohùn ránṣẹ́, n kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.
Ó fi apá kóòtù rẹ̀ nu epo kúrò lójú fóònù mi,
ó tẹ ibì kan, ó dúró tì mí nínú òjò
títí ohùn náà fi tán.
"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá," ló wí, kó tó sáré tẹ̀lé àwọn yòókù.
Ọ̀sán ti ń pọ́n lọ.
Mo ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi."