Igi Tí Kò Di Ọ̀nì

Òjò ọjọ́ Ẹtì ló gbé e wá.
Mo bá a níbi tí odò ti yà ní ìsàlẹ̀ Ìmọ̀,
ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, apá rẹ̀ kan ti kán,
ó jọ ẹni tó sùn lọ nídìí ayò.

Òun kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo rí.
Àkọ́kọ́ wà lápá ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù,
ó rẹwà ju èyí lọ, ihò ara rẹ̀ bí afárá oyin,
ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ti dà bí ògì,
mi ò sì gbọ́ ohùn àkèré kan.
Mo wò ó títí, mo fi í sílẹ̀.
Ohun tí àkèré sá fún,
n kò ní fi tẹ́ ibùsùn fún ẹja.

Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí.
Bàbá mi, Fáṣèyí aláyùn, ará Ìṣọ̀kún,
ní imú ni wọ́n fi ń mọ igi kí ojú tó dá sí i.
Fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bó bá rì, ó ti jẹrà.
Bó bá ń rùn bí ọ̀dà, bí sólígínọ́ọ̀mù,
pákó ilé ẹlòmíràn ni, jẹ́ kó máa lọ.
Bó bá sì jẹ́ ọ̀bọ̀...
ohùn rẹ̀ a máa rẹlẹ̀ níbẹ̀:
èèpo rẹ̀ ni àwọn kan ń dà sódò
tí ẹja fi ń léfòó, ikùn sókè.

Èyí tí mo rí yìí, n kò mọ orúkọ rẹ̀.
N kò ní purọ́. Omi ti fọ orúkọ kúrò lára rẹ̀.
Ó le. Kò rùn. Mo kàn án bí ilẹ̀kùn, ó dáhùn.

“Igi wọ́rọ́kọ́ yẹn,” Ìyá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní,
“iná ta lo fẹ́ lọ dà rú?”
“Iná kọ́,” mo ní, “omi ni.”

Mo bó èèpo rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó láìsí ọṣẹ,
torí igi a máa mu ọṣẹ bí ìkókó ṣe ń mu ọmú,
a sì máa pọ̀ ọ́ sára ẹja fún oṣù mẹ́ta.
Ìkòkò kò gbà á.
Mo se orí, mo yí i, mo se ìdí,
mo lóṣòó tì í bí òṣómàáló tó wá sin gbèsè.
Omi náà pọ́n bí àgbo ibà.
Ìyá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ gbé ife wá:
“Bu díẹ̀ fún mi, orúnkún ń dùn mí láti àná.”
Mo dà á nù lójú rẹ̀.
Kò kí mi fún ọjọ́ mẹ́fà.

Lẹ́yìn náà, garawa, òkúta lórí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún.
Mo ń pààrọ̀ omi: omi tíì, omi tíì tó ti ṣá,
omi tí ń rántí tíì.
Àràárọ̀ ni Ìbíwùmí, ọmọ ọmọ mi, ń gbé òkúta kúrò:
“Màmá, ó tún léfòó!”
Ọjọ́ Àìkú kan a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ti rì láìdágbére.

Ẹja kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ fi tì í nínú báàfù,
ẹpìyà kékeré tí mo rà ní ọgọ́rùn-ún méjì náírà.
Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ kí n tó sùn.
Ó jẹun lọ́jọ́ kìíní, ó jẹun lọ́jọ́ keje.

Ìgbà tí igi wọ inú dígí, nǹkan funfun kan yọ lára rẹ̀ bí òwú.
Àyà mi já. Mo gbé e jáde, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà.
Ó tún yọ, ó tún dín, ó lọ.

Wọ́n ní bó ti wù kí igi pẹ́ lódò tó, kò lè di ọ̀nì.
Ta ló ń wá ọ̀nì?
Ẹja wúrà mẹ́ta ń gba abẹ́ apá rẹ̀ tó kán kọjá,
góòlù tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Lánàá wọ́n mú iná lọ.
Ìyá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ gbé tọ́ọ̀ṣì wá, ó jókòó síwájú dígí,
kò mẹ́nu kan orúnkún.
“Èyí tó sá sẹ́yìn igi yẹn,” ó ní,
“ṣé ó ti jẹun?”